Ẹ̀tọ́ Arìnrìn-àjò: Oore àti Ìkà Ojú Ọ̀nà

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí ó sì la ọ̀nà sí inú rẹ̀ kí ẹ̀dá lè máa rìn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, ẹni tí ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ tí ó di àlejò ní ìlú ẹlòmíràn, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàhábé rẹ̀ pátá.

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí dá lórí ohun tí ojú arìnrìn-àjò máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí. Ẹnì kan yóò fún un ní omi, ẹlòmíràn yóò lé e kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan yóò gbà á sílé, ẹlòmíràn yóò gba ẹ̀mí rẹ̀. Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ arìnrìn-àjò ni púpọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a wà ní Jos yìí. Àwọn bàbá wa ló kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú mìíràn, tí wọ́n tọ òwò àti iṣẹ́ tánganran wá sí orí òkè yìí. Láti ọdún 1914 ni ọkọ̀ ojú irin kékeré ti ń ná Zaria sí Bukuru. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà náà kò mọ ènìyàn, kò sì gbọ́ èdè. Bí kò bá sí ẹni tí ó fi ibi tí yóò sùn hàn án, àwa kò bá má sí níhìn-ín lónìí. Títí di ìsinsìnyí, bí ọdún Iléyá bá sún mọ́, ojú ọ̀nà náà ni a tún ń tọ̀ lọ sílé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ara wa ni.

IPÒ ARÌNRÌN-ÀJÒ NÍNÚ ẸSÌN WA

Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ènìyàn lè jẹ́ ọlọ́lá ní ilé rẹ̀. Tí ó bá ti dé ojú ọ̀nà, kò mọ ibi tí kànga wà, kò sì mọ ọ̀nà tí a kì í gbà ní alẹ́. Ìdí nìyí tí Ọlọ́hun kò fi fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ojú àánú lásán. Orúkọ tí Al-Kùránì Alápọ̀nlé pè é ni ibnu's-sabīl, ìyẹn ni ọmọ ojú ọ̀nà. Ẹ ro orúkọ náà wò. Ẹni tí ó wà ní ìrìn-àjò kò ní bàbá níbẹ̀, kò sì ní ìyá níbẹ̀. Ọ̀nà ni ó ni ọmọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń gbé ní ẹ̀bá ọ̀nà ti di alágbàtọ́ rẹ̀.

Nínú Sūratu't-Tawbah, āyah 60, Ọlọ́hun ka ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, ọmọ ojú ọ̀nà sì wà nínú wọn. Nínú Sūratu'l-Isrā', āyah 26, Ó pàṣẹ kí á fún ìbátan, aláìní àti ọmọ ojú ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ̀tọ́ ni Ó pè é, kò pè é ní ìtọrẹ. Nínú ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tí a wà nínú rẹ̀ yìí pẹ̀lú, Sūratu'l-Baqarah, āyah 184 àti 185, yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò kí ó jẹun, kí ó sì san ààwẹ̀ rẹ̀ padà ní ọjọ́ mìíràn. Ọba tí ó ṣe ààwẹ̀ ní ọ̀ranyàn ni Òun fúnra Rẹ̀ dẹ òfin náà fún arìnrìn-àjò. Kí ni ẹ̀dá yóò wá rí wí tí ó bá ń ni arìnrìn-àjò lára?

Nínú hádíìsì tí Bukhārī àti Muslim gbà wá, Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka ẹni tí ó ní omi tí ó ṣẹ́kù ní ojú ọ̀nà, tí ó sì fi du arìnrìn-àjò, mọ́ àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun kò ní í fi ojú àánú wò ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Kò sí nínú hádíìsì náà pé kí á kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Hádíìsì mìíràn sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó ń rìn lọ tí òǹgbẹ gbẹ. Ó rí kànga, ó sọ̀kalẹ̀ sí inú rẹ̀, ó mu. Nígbà tí ó jáde, ó bá ajá kan tí òǹgbẹ ń pa. Ó padà sí inú kànga, ó fi bàtà rẹ̀ bu omi, ó sì fún ajá náà. Ọlọ́hun dárí jì í nítorí rẹ̀. Bí ajá ojú ọ̀nà bá lè mú ènìyàn rí àforíjìn, ọmọ Ádámọ̀ ńkọ́?

ÒKÚTA ÀTI ÈSO ÀJÀRÀ

Ní nǹkan bí ọdún 619, lẹ́yìn ikú Khadījah àti Abū Tālib, Ànọ́bì wa fi ẹsẹ̀ rìn láti Makkah lọ sí Tā'if, ìlú orí òkè, òun àti Zayd ọmọ Hārithah. Àlejò ni ó jẹ́ níbẹ̀. Àwọn olórí ìlú kọ̀ ọ́, wọ́n sì tún kó àwọn jàǹdùkú àti ọmọdé sí i lẹ́yìn. Wọ́n sọ ọ́ ní òkúta títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn sí inú bàtà rẹ̀. Zayd ń fi ara rẹ̀ gba òkúta fún un, orí òun náà sì bẹ́.

Wọ́n sá sí ọgbà àjàrà kan tí ó jẹ́ ti ʿUtbah àti Shaybah, àwọn ọmọ Rabīʿah. Ọ̀tá ẹ̀sìn ni àwọn méjèèjì yìí. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n rí ipò tí ó wà, àánú ṣe wọ́n. Wọ́n rán ẹrú wọn, ʿAddās, kí ó gbé èso àjàrà lọ fún un. Kìrìsìtẹ́nì ni ʿAddās, ará Nīnawā sì ni. Nígbà tí Ànọ́bì dárúkọ Ọlọ́hun kí ó tó jẹun, ó ya ʿAddās lẹ́nu. Ànọ́bì bi í léèrè ìlú rẹ̀, ó sì sọ fún un pé ìlú Ànọ́bì Yūnus ni. Ẹrú náà tẹríba, ó fi ẹnu ko orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àlejò tí ìlú ti lé.

Ní ojú ọ̀nà tí ó ń padà bọ̀, màláíkà òkè tọ̀ ọ́ wá, ó ní bí ó bá fẹ́, òun yóò fi òkè méjì pa àwọn ènìyàn náà rẹ́. Ànọ́bì kò gbà. Ó ní òun ń retí kí Ọlọ́hun mú ẹni tí yóò máa sin Òun nìkan jáde láti inú ìran wọn. Ní ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn Hijrah, àwọn aṣojú Thaqīf, ará Tā'if, wá sí Madīnah, wọ́n sì gba Islam.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ìrìn-àjò kan náà ni òkúta àti èso àjàrà ti jáde. Òkúta kò mú kí Ànọ́bì kọ èso àjàrà, kò sì sọ pé gbogbo ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ló sọ òun lókò. Ó mọ ẹni tí ó sọ ọ́ lókò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fún un ní oúnjẹ.

ÒGIRI ÀWỌN ỌMỌ ÒRUKÀN

Sūratu'l-Kahf, tí a máa ń kà ní ọjọ́ Jímọ̀, sọ fún wa nípa Ànọ́bì Mūsā àti ẹrúsìn Ọlọ́hun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Khidr. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn títí tí wọ́n fi dé ìlú kan. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n tọrọ oúnjẹ, àwọn ará ìlú sì kọ̀ láti gbà wọ́n ní àlejò. Nínú ìlú ahun yìí kan náà ni wọ́n ti rí ògiri kan tí ó fẹ́ wó. Khidr tún un mọ láìgba kọ́bọ̀. Ó ṣe Mūsā ní kàyéfì. Ó ní ìbá ti gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Āyah 82 ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ òrukàn méjì ló ni ògiri náà, ọrọ̀ wọn sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ènìyàn rere ni bàbá wọn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ká ní Khidr sọ pé ìlú yìí fi oúnjẹ du òun, òun náà kò ní í ṣe oore fún wọn, ta ni ìyà náà ì bá jẹ? Kì í ṣe ẹni tí ó sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn ọmọ òrukàn ni, tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àlejò wọ ìlú. Bí ẹ̀san tí à ń gbà lára ìlú tàbí ẹ̀yà ṣe rí nìyẹn. Kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ọwọ́ ló ń bà. Yorùbá ní afòró-yaró kì í jẹ́ kí oró tán.

OHUN TÍ OJÚ RÍ NÍ ÌPÍNLẸ̀ WA

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ìtàn yìí wo orí òkè Plateau tí a wà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2018, àwọn agbébọn kọlu àwọn abúlé ní agbègbè Barkin Ladi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì sá wọ Nghar. Imām abúlé náà, Abubakar Abdullahi, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, kó àwọn obìnrin sí inú ilé rẹ̀, ó sì kó àwọn ọkùnrin sí inú mọ́sáláṣí. Nígbà tí àwọn agbébọn dé, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ó sunkún, kò sì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ènìyàn 262 ni Ọlọ́hun fi ṣe sábàbí ìyè fún. Ní oṣù keje ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá ní Washington. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í léèrè ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ní ohun tí ó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò náà ló fún àwọn Mùsùlùmí ní ilẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ mọ́sáláṣí, wọn kò sì gba owó. Mọ́sáláṣí tí wọ́n fún ní ilẹ̀ ló wá di ibi ìsádi fún wọn. Oore kì í gbé.

Ní ọdún kan náà, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, Ọ̀gágun àgbà Idris Alkali, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, gbéra ní Abuja, ó ń lọ sí Bauchi. Ojú ọ̀nà wa níhìn-ín ni wọ́n ti pa á. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ nínú adágún omi ibi ìwakùsà ní Dura-Du. Ní ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú kànga kan tí wọ́n ti pa tì. Kànga tí Ọlọ́hun fi ṣe ìtura fún arìnrìn-àjò ni ẹ̀dá sọ di sàréè rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2021, bọ́ọ̀sì márùn-ún tí ó kó àwọn Mùsùlùmí ń bọ̀ láti ibi àpèjọ Zikr ní Bauchi, wọ́n ń padà sí Ìkàrẹ́ ní ìpínlẹ̀ Òndó. Ní ọ̀nà Rukuba, nínú Jos yìí, wọ́n dá wọn dúró, wọ́n sì pa ènìyàn 22 ó kéré tán gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́pàá ti sọ. Àwọn tí wọ́n pa kò bá ẹnikẹ́ni jà ní Jos. Ọ̀nà ni wọ́n ń gbà kọjá. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọlu Yelwa Zangam ní òru, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ilé wọn. Ọmọ ọwọ́ tí ó sùn ní Yelwa Zangam kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀sì ní ọ̀nà Rukuba. Ọmọ òrukàn inú ìtàn Khidr ni wọ́n.

Mi ò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹ̀sìn kan lọ́rùn o. Àwọn tí wọ́n pa ní ọ̀nà Rukuba, Mùsùlùmí ni wọ́n. Àwọn tí Imām gbà sílẹ̀ ní Nghar, Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n. Sūratu'l-Mā'idah, āyah 8, kọ̀ fún wa kí ìkórìíra ìjọ kan mú wa yẹra fún ṣíṣe déédéé.

Àwa Yorùbá náà ti tọ́ èyí wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana lábẹ́ Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ẹjigbo àti Ṣakí fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà ní kí àwọn àjèjì máa lọ, ará Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Inú àwọn kan nílé wa dùn nígbà náà pé ẹ̀san ti ké. Ṣé oníṣẹ́ ọwọ́ ará Ghana tí ó di ẹrù sí inú àpò ní 1983 ló pa àṣẹ 1969? Àpò náà ṣì wà lọ́jà títí di òní, Ghana-Must-Go ni a ń pè é. Kí ẹni tí ó bá rí i rántí pé ọ̀nà tí a fi lé ẹlòmíràn ni wọ́n fi lé wa rí.

BÍ Ẹ̀RÙ BÁ Ń BA ONÍLÉ

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Wọ́n á ní, "Àáfà, ayé ti bàjẹ́. Ajínigbé wà lójú ọ̀nà. Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ arìnrìn-àjò yàtọ̀ sí olè?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Islam kò ní kí á sọ ojú nù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìfura láìwádìí ń dá sílẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2025, nígbà tí Ràmàdáánì ń parí lọ, àwọn ọdẹ ọmọ Hausa kan ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n ń lọ ṣe ọdún Ìtúnu nílé ní Kano. Ní Uromi, ní ìpínlẹ̀ Edo, àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n bá ìbọn ọdẹ níbẹ̀, ariwo ajínigbé sì ta. Ènìyàn 16 ni wọ́n pa. Sūratu'l-Hujurāt, āyah 6, pàṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn kí á má baà fi àìmọ̀kan ṣe àwọn ènìyàn ní ibi, kí á sì wá kábàámọ̀. Āyah 12 inú sūrah kan náà kọ̀ fún wa ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbá dídá.

Nítorí náà, oore sí àlejò ní ìpele. Èyí tí ó kéré jùlọ ni pé kí á má ṣe é ní ibi. Ibn Battūtah, arìnrìn-àjò ará Tangier, dé ilẹ̀ Mali ní 1352 sí 1353. Ẹ̀bùn oúnjẹ tí ọba fi ránṣẹ́ sí i kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Ó fi rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ó yin àwọn ènìyàn náà pé ọ̀nà wọn ní ààbò, àlejò kì í bẹ̀rù olè níbẹ̀; àti pé bí àlejò Lárúbáwá bá kú sí ọ̀dọ̀ wọn, wọn kì í fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀, ẹni tí a fọkàn tán ni wọ́n ń fi pamọ́ sí lọ́wọ́ títí àrólé yóò fi dé. Ẹni tí kò ní oúnjẹ láti fún àlejò lè fún un ní ààbò.

Ìpele kejì ni kí á ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n. Bí o kò bá lè ṣí ilẹ̀kùn ní òru, gbé omi jáde. Má dá nìkan lọ. Pe ará àdúgbò, pe ọlọ́pàá, mú un lọ sí ọ̀dọ̀ Imām tàbí baálé. Bí o bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pariwo lé àjèjì lórí, má fi ohùn kún un. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan, "Ẹ jẹ́ kí á bi í léèrè ná", lè gba ẹ̀mí là.

Arìnrìn-àjò pẹ̀lú ní ojúṣe. Kí ó kí ènìyàn, kí ó sọ ibi tí ó ń lọ, kí ó bọ̀wọ̀ fún àṣà ìlú. Ànọ́bì sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni àlejò ṣíṣe, èyí tí ó bá lé jẹ́ sàráà. Kò sì tọ́ kí àlejò jókòó títí tí yóò fi ni onílé lára. Kí ó sì dúpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè kóni lẹ́rù lọ ni. Bí wọ́n bá sì ṣe é ní ìkà, kí ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba àti sí ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, kí ó má gbé e dé ilé ka ọmọ rẹ̀ lórí.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ FÚN WA

Nínú Ràmàdáánì yìí, mo fi iṣẹ́ mẹ́ta lé wa lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ní àkókò ìṣínu, ẹ rántí àwọn tí ìrun Mọ̀gàríbì bá ní gáréèjì àti nínú ọkọ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ gbé omi àti dàbínù lọ bá wọn, kí wọ́n má sì bèèrè ẹ̀sìn ẹni kí wọ́n tó fún un. Èkejì, bí a bá ń pín sàká, kí á má gbàgbé ìpín ọmọ ojú ọ̀nà. Ẹni tí owó ọkọ̀ rẹ̀ tán tàbí tí wọ́n jà lólè wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù wa wá ẹnì kan tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ ní àdúgbò, kí ó bá a pín oúnjẹ ìṣínu. Ilẹ̀ tí wọ́n fún Mùsùlùmí ní Nghar ti tó ogójì ọdún kí ó tó so èso. Àwa náà kò mọ ọjọ́ tí èyí tí a bá gbìn yóò so.

Ọlọ́hun, máa bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lójú ọ̀nà. Ṣe àforíjìn fún gbogbo Mùsùlùmí tí wọ́n pa ní ìrìn-àjò, kí O sì tu àwọn ẹbí gbogbo ẹni tí wọ́n pa ní òfò nínú, ẹ̀sìn yòówù tí wọn ìbáà máa ṣe. Yọ oró kúrò lọ́kàn wa. Má ṣe wá ní ẹni tí àlejò yóò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn Ọ́. Fún ìpínlẹ̀ Plateau ní àlàáfíà, kí ó wọ gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Gbà á ní ààwẹ̀, gbà á ní ìrun, gbà á ní àdúà. Āmīn.

Wa's-salāmu ʿalaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.